Gbólóhùn kan tó yẹ ká fi kún "Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe"

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Gàrí ni mo ń tà ní Ọjà Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ti lé ní ogún ọdún. Gbogbo ìgbà tí ìwé ìròyìn yín bá jáde ni mo máa ń rà á, tí èmi àti ìyá tó ń ta èlùbọ́ lápá ọ̀tún mi á jọ kà á títí ọjà á fi gbóná. N kò kọ lẹ́tà sí yín rí. Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò lọ́tẹ̀ yìí ni pé àsìkò tí àwọn ọmọ ń wọ yunifásítì àti polí ti tún dé, ọ̀rọ̀ tí mo sì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí lọ́jà kò ju mẹ́ta lọ: èló ni owó acceptance, èló ni owó iléèwé, ṣé ọmọ ti rí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ gidi ni gbogbo rẹ̀, èmi náà ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí a kì í sọ, èyí tí a kì í sọ yẹn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Ìbejì ni àkọ́bí mi, Táíwò obìnrin, Kẹ́hìndé ọkùnrin. Oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni àwọn méjèèjì jọ ṣe JAMB, nígbà tí àwọn yunifásítì ìjọba ti wà ní títì láti ọjọ́ 14 oṣù kejì nítorí ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì. Ẹ ó rántí pé oṣù mẹ́jọ gbáko ni, ó di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá kí wọ́n tó dá a dúró. Àwọn ọmọ ń kàwé nítorí ilé ẹ̀kọ́ tí kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí orúkọ wá jáde, Táíwò rí polí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tó ti lè wọkọ̀ lọ kó sì wọkọ̀ bọ̀. Kẹ́hìndé rí iṣẹ́ ẹ̀ńjìnnìà ní yunifásítì kan tó jìnnà sí wa, ìrìn wákàtí mẹ́rin bí ọ̀nà bá dára. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe ẹjọ́ ilé ẹ̀kọ́ ni mo wá rò.

January 2023 ni Kẹ́hìndé lọ. Káfíńtà ni bàbá wọn. Ó kan àpótí ìrókò kan fún un, ó fi fánísì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Èmi di ààbọ̀ àpò gàrí Ìjẹ̀bú fún un, èyí tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kan fún ọjọ́ márùn-ún kí a tó yan án. Àwọn ẹgbẹ́ mi, régbérégbé wa, dá owó jọ, wọ́n kó o sínú àpòòwé. Bàbá tó bí mi lọ́mọ náà wá. Ọ̀kan ni bàbá mi nínú àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní January 1955. Ìwé mẹ́fà ló kà, owó kò sì jẹ́ kó kọjá ibẹ̀. Èmi ka sẹ́kọ́ńdìrì, mo ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mejì, kò bọ́ sí i. Nítorí náà, nígbà tí bàbá mi gbé ọwọ́ lé orí Kẹ́hìndé, gbogbo ilé ló dákẹ́. Ó ní, "Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe." Bàbá wọn sọ ọ́ tẹ̀ lé e. Ìyá ìjọ wa sọ ọ́. Èmi nìkan sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí mọ́tò tó kúrò ní gáréèjì.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lórí gbólóhùn yẹn ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pé, mo pè é. "Kẹ́hìndé, ṣé kò sí wàhálà?" "Kò sí wàhálà, màmi." Ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ ìbéèrè tí mo ń bi ọmọ mi. Mo ti fi èsì sí i lẹ́nu kó tó la ẹnu. Ọmọ wo ni yóò dá ìyá rẹ̀ lóhùn pé wàhálà wà, nígbà tí ìyá ti bẹ̀ ẹ́ kó má sí?

Àsìkò náà sì ni wọ́n ń pààrọ̀ owó. Ẹ ó rántí oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún kan àtijọ́ di ohun tí a kò gbà lọ́wọ́ ara wa mọ́, tí tuntun kò sì sí ní báńkì. Àwọn oní-POS ń ta owó bí ẹni ń ta ẹja. Oníbàárà á dúró síwájú gàrí, owó wà nínú fóònù rẹ̀, kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, nẹ́tíwọ̀kì kò sì jẹ́ kó lè fi ránṣẹ́. Mo ń fi gàrí sílẹ̀ láwìn kó má baà gbó sí mi lọ́rùn. Nígbà tí mo bá pe Kẹ́hìndé láàárín gbogbo ìyẹn, tó sọ pé òun ní owó lọ́wọ́, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. N kò bi í pé níbo ló ti rí i.

Ìdìbò dé. Àjọ NUC, tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ní kí gbogbo wọn ti ilẹ̀kùn láti ọjọ́ 22 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹta. Àwọn ọmọ aládùúgbò ń dé pẹ̀lú báàgì wọn. Kẹ́hìndé ní òun kò ní lè wálé, ọkọ̀ wọ́n, òun á dúró ti ọ̀rẹ́ òun kan tó ń gbé ní ìta ọgbà, àwọn á máa kàwé. Mo fi ìyẹn yangàn lọ́jà. Mo sọ fún ìyá eléèlùbọ́ pé ẹ wá wo ọmọ, kò tilẹ̀ fẹ́ ìsinmi.

Lẹ́yìn tí wọ́n wọlé padà, oníbàárà mi kan wá láti Àgọ́-Ìwòyè, òun náà ní ọmọ ní yunifásítì ọ̀hún. Ó ń wọn gàrí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ kú àṣeyọrí o. Ṣé ẹ ti ní ìsọ̀ ní ọgbà yunifásítì ni? Ọmọ mi ní ọ̀dọ̀ Kẹ́hìndé yín lòun ti ń ra gàrí. Ó ní kò sí irú rẹ̀ níbẹ̀." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán ni ẹ̀rín náà kúrò lójú mi. Ààbọ̀ àpò ni mo dì fún un, kó jẹ ẹ́ títí sáà á fi parí ni. Kí ló dé tó ń tà á?

Ìdájí ọjọ́ kejì ni mo gbéra. Mo se ìkọ́kọrẹ́ sínú kúlà kékeré, mi ò pè é pé mo ń bọ̀.

Mo bá a ní ilé kan lẹ́yìn ọgbà. Àpótí tí bàbá rẹ̀ kàn ni mo kọ́kọ́ rí, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìta, omi òjò ti rin ín, ìdérí rẹ̀ ti wú, kò pa dé mọ́. Yàrá náà kò gba àpótí. Ọmọ mẹ́ta ló ni yàrá, ọmọ tèmi ni ìkẹrin wọn, orí ẹní ló ń sùn láàárín ìdí ilẹ̀kùn àti sítóòfù. Kẹ́hìndé rí mi, ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde bọ̀rọ̀.

Èyí ni ohun tó ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì inú ọgbà tán kó tó débẹ̀; orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbà á, àwọn tó tètè mọ̀ ti gbà á. Ọkùnrin kan pàdé rẹ̀ ní ẹnu géètì, ó ní aṣojú onílé lòun. Ó mú un lọ wo yàrá, ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i, fáànù ń yí. Kẹ́hìndé fi 85,000 náírà ránṣẹ́ sí i: 60,000 tí bàbá rẹ̀ fún un fún ilé, àti 25,000 láti inú owó tí àwọn ẹgbẹ́ mi dá. Ọjọ́ tó gbé àpótí débẹ̀, ọmọ mẹ́ta mìíràn ti dúró síwájú yàrá náà pẹ̀lú ẹrù wọn, gbogbo wọn ti sanwó. Onílé kò mọ ọkùnrin náà rí. Fóònù rẹ̀ ti kú.

Gàrí ló ń tà láti fi rówó wọkọ̀ àti láti fi ṣe fótókọ́pì. Nígbà tí gàrí tán, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ló ń jẹun. Fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì rẹ̀ kò tíì gba ọwọ́ olùdámọ̀ràn lẹ́fẹ́ẹ̀lì wọn, olùkọ́ tó ń bójú tó àwọn ọmọ kíláàsì wọn, nítorí ojú ń tì í láti lọ ṣàlàyé ìdí tó fi pẹ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n ti ìforúkọsílẹ̀. Tó bá kọjá, gbogbo ìdánwò tó bá ṣe ní sáà náà yóò di òfo.

Mo ní, "Kẹ́hìndé, ọ̀sẹ̀ mélòó nìyí? Kí ló dé tí o kò sọ?"

Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Màmi, ẹ ní kí n rántí ọmọ ẹni tí mo ń ṣe. Mo rántí ni. Ọmọ ẹni tó kan àpótí yìí. Ọmọ ẹni tó ń yan gàrí títí èéfín fi ń mú un lójú. Mo wá kó owó yín fún olè ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ pe irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀?"

Olóòtú, mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, pé bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ọmọ mi ṣubú, kò wo iwájú, kò wo ẹ̀yìn. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo ṣí kúlà, mo ní, "Jẹun ná." Ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ náà tán pátá, mo sì rí i pé ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ti gbòòrò jù fún un.

N kò sọ pé "Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe" kò dára. Bàbá mi fi tọ́ mi, ó sì tọ́ mi sọ́nà. Ọ̀pọ̀ ìwà tí mo lè hù, tí n kò hù, gbólóhùn yẹn ló dá mi dúró. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Bí ọmọ bá ń ṣe rere, gbólóhùn náà ń fi ọ̀nà ilé hàn án. Bí ọmọ bá kọsẹ̀, gbólóhùn kan náà ló ń di ọ̀nà ilé mọ́ ọn lójú, nítorí ohun tó gbọ́ ni pé ilé yìí, àwọn tí kì í kọsẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀. A kò sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀! Kò sí òbí kan tó ní bẹ́ẹ̀ lọ́kàn. Ìyókù ọ̀rọ̀ ni a kò sọ.

Mo ní kí n mú un lọ bá olùdámọ̀ràn náà, kí n bẹ̀bẹ̀ fún un. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n wọlé fúnra mi, màmi. Ẹ sáà dúró níta." Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kan níwájú ilé tí ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn náà wà fún bíi wákàtí kan. Ẹsẹ̀ mi kò dúró lójú kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dìde pé kí n wọlé lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún jókòó. Nígbà tó jáde, fọ́ọ̀mù ti gba ọwọ́. Olùdámọ̀ràn náà ti bá a wí pé ó pẹ́, ó sì ti júwe ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún un, pé kó lọ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá a wá ààyè sí yàrá ọmọ kan tó kó kúrò ní ọgbà. Owó ti lọ ní tirẹ̀, a kò rí i gbà títí dòní.

Mo mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ igi máńgòrò yẹn nítorí ohun tí ìyá eléèlùbọ́ sọ fún mi nígbà tí mo dé. Ó ní àwa ìyá ìsinsìnyí la ń ba ọmọ jẹ́, pé ìyà ló ń kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ó tọ́ ọmọ mẹ́fà, wọ́n sì yanjú. Ṣùgbọ́n n kò bá Kẹ́hìndé ṣe nǹkan kan tó lè ṣe fúnra rẹ̀. Mo kàn wà níta tó mọ̀ pé mo wà ni. Ìyà tí ọmọ dá nìkan jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kò kọ́ ọ ní nǹkan kan ju bí a ṣe ń parọ́ "kò sí wàhálà" lọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, àwa la sì kọ́ ọ ní ìdákẹ́.

Mo dé ilé lálẹ́, mo ro gbogbo rẹ̀ fún bàbá wọn. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó dìde, ó jáde lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ nínú òkùnkùn, mo rò pé inú ló bí i. Nígbà tó wọlé, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó pe Kẹ́hìndé. Ó sọ fún un bí oníplánkì kan ṣe lu òun ní jìbìtì ní ọdún tí a ṣègbéyàwó, owó tí àwọn kan san sílẹ̀ fún ìjókòó ni ọkùnrin náà gbà lọ láìkó pákó wá, tó fi jẹ́ pé oṣù márùn-ún lòun fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ káfíńtà mìíràn láti san án padà. Ó ní, "Èmi náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí." Olóòtú, a ti fẹ́ra wa fún ogún ọdún nígbà yẹn. Èmi alára kò gbọ́ ìtàn náà rí. Mo rò pé òwò ló mú un lọ ṣiṣẹ́ ní ìsọ̀ ẹlòmíràn lọ́dún yẹn.

Kó tó pa fóònù ló sọ gbólóhùn tí mo ń bẹ gbogbo òbí pé kí wọ́n fi kún tàtijọ́. Ó ní, "Bí nǹkan bá dojú rú, àwa ni kó o kọ́kọ́ pè. Bó tilẹ̀ jẹ́ ìwọ lo fà á."

Ìlàjì ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá yọ ọ́, ọmọ á tún máa ronú bóyá irú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wà nínú ohun tí a lè sọ.

Láti ìgbà náà, bí mo ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù yí padà. N kì í béèrè bóyá wàhálà wà. Ohun tí ó ní èsì ni mo ń béèrè. Kí lo jẹ lánàá? Ta lẹ jọ jókòó ní kíláàsì? Kọ́ọ̀sì wo ni kò yé ọ? Mélòó ló kù nínú owó ọwọ́ rẹ? Alẹ́ ọjọ́ Àìkú la máa ń sọ̀rọ̀, mi ò kì í pè é ní ọ̀sán kí n má baà bá a láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, torí ọmọkùnrin kì í tú inú rẹ̀ lójú ẹgbẹ́. Mo sì ti kọ́ láti dákẹ́ díẹ̀ lórí ìlà. Nínú ìdákẹ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ gidi ti máa ń jáde.

Owó náà, a kò fún un lápapọ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ là ń fi ránṣẹ́, ìba tí agbára wa ká. Ọmọ tí kò dá owó ná rí, tí ẹ kó owó oṣù mẹ́ta fún lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti sọ ọ́ di oníbàárà gbogbo oníjìbìtì tó wà ní ẹnu géètì ni. Owó ilé ní tirẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọ dá a san. Ẹ bá onílé sọ̀rọ̀, ẹ rí i lójú, ẹ bi àwọn tó ti ń gbé ilé náà. Ó tó kí ẹ ti ìsọ̀ yín fún ọjọ́ kan. Ká ní mo ti tèmi ni, mi ò bá má pàdánù 85,000.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké mìíràn wà tí ẹnì kankan kò sọ fún wa. A kò mọ̀ pé ọmọ ẹ̀ńjìnnìà lẹ́fẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ á nílò pátákó ìyàwòrán àti T-square, rúlà gígùn tó rí bíi lẹ́tà T. Bàbá rẹ̀ fi páláìwúùdù kan pátákó náà fún un, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì sì bẹ̀ ẹ́ kó kan tiwọn. A kò mọ̀ pé ó yẹ kó lọ gba káàdì ilé ìwòsàn ọgbà kí ibà tó mú un. Ibà mú un ní April, oògùn kẹ́míìsì ló ń lò.

Àti èsì ìdánwò. Sáà àkọ́kọ́ náà parí, ó gba 2.1 nínú 5. Fún ọmọ tó máa ń ṣe ipò kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ ó mọ bó ṣe dùn ún tó. Ọ̀sán ọjọ́ Ọjọ́rú ni, mo wà nídìí gàrí, fóònù dún. Ó ní, "Màmi, èsì jáde, kò dára. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ pè." Mo jókòó lórí àpò gàrí, mo sunkún ayọ̀ lójú ọjà, oníbàárà tó dúró síwájú mi rò pé òfò ló ṣẹ̀ mí. 2.1 ni ọmọ mi gbà, mo sì ń sunkún ayọ̀! Ó ti di 3.4 báyìí, ó ti wọ 300 level.

Olóòtú, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí yín. Ìwé ìròyìn yín máa ń gbé máàkì JAMB jáde, ẹ sì ń ṣe dáadáa. Ẹ bá wa fi ojú ewé kan sílẹ̀ ní àsìkò ìwọlé, kí ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí orúkọ bá jáde: clearance, àti àwọn ìwé tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀, fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì, àti ẹni tó ń bu ọwọ́ lù ú, bí wọ́n ṣe ń gba bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀pọ̀ wa ló ń sanwó gbogbo nǹkan yìí láìmọ ohun tó jẹ́. Ẹ sì ṣàlàyé owó NELFUND fún wa, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Òfin rẹ̀ di títọwọ́bọ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n sì ṣí i fún àwọn ọmọ ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún. Kò sí nígbà tí Kẹ́hìndé wọlé. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó iléèwé fún tààrà, ọmọ lè gba 20,000 náírà lóṣooṣù fún bùkátà, kò sí èlé lórí rẹ̀, ọdún méjì lẹ́yìn agùnbánirọ̀ ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Àwọn kan lọ́jà wa gbọ́ pé ẹ̀bùn ìjọba ni, àwọn mìíràn gbọ́ pé 419 ni. Gbèsè ni, ó yẹ kí ọmọ àti òbí jókòó kí wọ́n jọ sọ ọ́ kí wọ́n tó gbà á. Àmọ́ ọmọ tí ojú ń tì láti béèrè owó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lè rí ìsinmi níbẹ̀.

Ìdòwú mi ló kàn báyìí. Ọmọ ọdún 17 ni, Ìbàdàn ló ń lọ, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Bàbá wọn ti kan àpótí tirẹ̀, ó kéré sí ti Kẹ́hìndé, kó lè wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá mi á wá ní ọjọ́ Àìkú láti gbé ọwọ́ lé e lórí, á sì sọ gbólóhùn rẹ̀, n kò ní dá a dúró. Lánàá, mo ṣí àpótí náà láti kó aṣọ sí i, mo rí i pé bàbá wọn ti fi pẹ́ńsùlù káfíńtà kọ nọ́ńbà fóònù àwa méjèèjì, àti ti Táíwò àti ti Kẹ́hìndé, sí inú ìdérí rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí: "Àwa ni kó o kọ́kọ́ pè. Bó tilẹ̀ jẹ́ ìwọ lo fà á." Ó ti fi fánísì kùn ún lórí, kò lè pa rẹ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Ìyá Ìbejì, alágàárí,
Ọjà Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde.